Bí fáìlì ṣe di iṣẹ́ odidi ènìyàn nílé ìròyìn

Ẹ lọ sí kóòtù Ìkejà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin tí ẹ bá rí tó há fáìlì mẹ́ta sí abíyá, tó ń bẹ akọ̀wé kóòtù pé, "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lu òǹtẹ̀ sí èyí kí ọ̀gá mi tó dé," kíláàkì lọ́yà nìyẹn. Paralegal ni wọ́n ń pe ìkejì rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Kì í gbẹnu sọ níwájú adájọ́, kò sì gbọdọ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn òfin, ṣùgbọ́n lọ́yà tí kò ní irú rẹ̀ yóò kàn máa ṣí ìwé kiri ní kóòtù bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ nù ni. Ilé iṣẹ́ lọ́yà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Àwọn tí wọ́n jókòó sílé ìròyìn ni mo fẹ́ sọ ìtàn wọn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹjọ́ kan tí ìwé ìròyìn pàdánù ló bí iṣẹ́ wọn. Àṣé ẹjọ́ tí ìwé ìròyìn jàre ni.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta 1960, The New York Times gbé ìpolówó olójú ewé kan jáde. Wọ́n ń fi tọrọ owó fún Martin Luther King àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú níhà gúúsù. Ohun tó wà níbẹ̀ kò péye tán. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orin kan lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba ní Alabama. Orin orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ, kì í ṣe orin yẹn. Wọ́n ní wọ́n ti mú King lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Wọ́n ní wọ́n fi àgádágodo ti ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ pa. Kò sẹ́ni tó tì í. L. B. Sullivan, kọmíṣọ́nnà tí ọlọ́pàá ìlú Montgomery wà lábẹ́ rẹ̀, pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Nínú bí ẹ̀dà 650,000 tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà, bí 394 péré ló dé Alabama, nǹkan bí 35 ló sì dé ẹkùn Montgomery. Kóòtù ibẹ̀ ní kí wọ́n san dọ́là 500,000 fún un.

Ibi tí mo máa ń dúró sí nínú ẹjọ́ yìí ni dúrọ́ọ̀ fáìlì. Àwọn akọ̀ròyìn Times fúnra wọn ti kọ ìròyìn lórí díẹ̀ nínú àwọn nǹkan tí ìpolówó náà sọ, ìròyìn ọ̀hún sì wà ní ìpamọ́ nínú ilé kan náà. Kò sẹ́ni tó lọ fi wéra kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí wọn ì bá wá dé Sókótó wà lápò ṣòkòtò wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wo ọ̀rọ̀ fáìlì yìí dáadáa. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta 1964, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án dá Times láre. Adájọ́ Brennan ló kọ ìdájọ́ náà: aláṣẹ ìjọba tó bá pe ìwé ìròyìn lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé wọn ò bìkítà bóyá irọ́ ni. Pé ìròyìn kan wà nínú fáìlì kò túmọ̀ sí pé ẹni tó gba ìpolówó wọlé mọ̀.

Àwọn oníròyìn jó, wọ́n yọ̀. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fara pamọ́ sínú ìdájọ́ ọ̀hún. Ìbéèrè kóòtù ti kúrò ní "ṣé òótọ́ ni?" nìkan, ó ti di "kí lẹ mọ̀, ìgbà wo lẹ sì mọ̀ ọ́n?" Báwo lèèyàn ṣe ń wo inú ọmọlàkejì? Ìwé ló kù tí wọ́n lè fi wò ó: ìwé àjákọ akọ̀ròyìn, ohùn tó gbà sílẹ̀, ìròyìn tí olóòtú fi báírò pupa fa ìlà sí, lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn. Láti 1938 sì ni ìlànà kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti fàyè gba olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ láti máa béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìn tì kan, Anthony Herbert, ló fi ojú ẹ̀ han CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe ètò kan lórí rẹ̀ ní 1973, ó bínú, ó lọ sí kóòtù. Lọ́yà rẹ̀ fi ìbéèrè dá Barry Lando, ẹni tó ṣe ètò náà, dúró. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi ń pè é padà lóòrèkóòrè. Ìdáhùn rẹ̀ kún ìdìpọ̀ ìwé 26, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ewé 3,000, pẹ̀lú ẹ̀sibítì (ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí) 240. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo o. CBS ní kí wọ́n má wádìí ohun tó wà lọ́kàn akọ̀ròyìn nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ó di 1986 kí kóòtù tó da ẹjọ́ Herbert nù pátápátá.

Ta ni yóò ka 3,000 ewé yẹn? Bó bá jẹ́ lọ́yà ni, owó wákàtí rẹ̀ yóò tán ilé iṣẹ́ lówó. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe lọ́yà. Nígbà tó di 1970, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ paralegal ti bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia. Ohun tí wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́ kì í ṣe gègé. Ẹ̀rọ Bates ni, òǹtẹ̀ onírin tí wọ́n ti ṣe láti àwọn ọdún 1890. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí igun ìsàlẹ̀ ewé, 000001. Ẹ gbé e sókè, kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀ yí fúnra rẹ̀, ká! Ewé tó kàn di 000002. Bó bá di ọ̀sán, apá á máa ro yín, tàdáwà á ti wọ èékánná. Àmọ́ bí ewé 001417 bá sọnù, gbogbo ayé ló máa rí i pé 001416 àti 001418 wà.

Iṣẹ́ náà ní apá tó dùn ju èyí lọ, níbi tí ilé ìròyìn ti jẹ́ olùpẹ̀jọ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje 1966 ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé ìjọba. Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá kọ̀ tàbí tó dákẹ́, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù. Ẹnì kan ló ń ṣọ́ kálẹ́ńdà yẹn: ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ọjọ́ iṣẹ́ 20 tí òfin fún ìjọba láti fèsì, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi ìwé ẹjọ́ wọlé. Tiwa ní Nàìjíríà dé ní 2011, ọjọ́ méje péré ló fún wọn. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n ń fèsì láàárín ọjọ́ méje.

Ní 1971, nígbà tí ìjọba fẹ́ dá Times dúró lórí ìwé àṣírí ogun Vietnam, ilé iṣẹ́ lọ́yà tó ti ń gbèjà wọn látọjọ́ pípẹ́ ní àwọn ò ṣe. James Goodale, lọ́yà àgbà inú ilé Times, ni kò yẹsẹ̀, òun àtàwọn tí wọ́n sáré wá lóru. Ilé ìròyìn tó bá rántí òru yẹn á mọ ìdí tó fi yẹ kí òun ní àwọn ènìyàn òfin tirẹ̀ nítòsí.

Lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé. Oṣù Kejìlá 2006 ni ìlànà kóòtù dárúkọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní tààrà pé ó wà lára ohun tí wọ́n lè béèrè. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti wọlé ni kí wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn: ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, àti ímeèlì, àti àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Nígbà tí Dominion, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, pe iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox lẹ́jọ́ lórí ìròyìn ìbò Amẹ́ríkà 2020, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ síra wọn ló di ẹ̀sibítì. Fox gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 787.5 lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin 2023, ọdún 44 géérégé sí ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Herbert àti Lando. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí nọ́ńbà wọn níbẹ̀, àti òdo iwájú rẹ̀.