Duke fẹ́ pa hẹbéríọ̀mù tì, kí ló kan lichen orí òkè? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti February 2024 tí Yunifásítì Duke ní North Carolina, l'Amẹ́ríkà, ti ní àwọn máa pa hẹbéríọ̀mù àwọn tì, káwọn sì kó ẹrù inú ẹ̀ lọ síbòmíì láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, lawọn kan ti ń bèèrè pé kí ni gbogbo ariwo yẹn wà fún, ṣebí ewé gbígbẹ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan lára irú ohun tí wọ́n ń tọ́jú sí hẹbéríọ̀mù, rock gnome lichen, tó ń gbé orí òkè Southern Appalachian lápá ibẹ̀.

Kí ni hẹbéríọ̀mù?
Ilé tí wọ́n ń tọ́jú ewé, olú àti lichen gbígbẹ sí, pẹ̀lú ìwé pélébé tó sọ ẹni tó mú un, ibi tó ti mú un àti ọjọ́ tó mú un. Ti Duke ti wà láti 1921, ohun tó wà níbẹ̀ sì lé ní 825,000. Àwa náà ní ọ̀kan ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, n'Íbàdàn.

Ṣé ewé ni lichen?
Rárá. Olú ni, tó gba nǹkan tín-ín-tín aláwọ̀ ewé mọ́ra kíyẹn máa fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún un.

Mo rí àmì rock gnome lórí máàpù tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ hẹbéríọ̀mù yà, ṣé ibi tó wà nìyẹn?
Ẹ rọra níbí yìí o. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ò ju pé ẹnì kan rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àpáta tútù tí kùrukùru ń bò ni rock gnome fẹ́ràn, àbí inú àfonífojì odò tó jìn, igi Fraser fir ló sì ń ṣíji bo púpọ̀ nínú àwọn àpáta orí òkè yẹn, àfi bí kòkòrò kan ṣe ti Yúróòpù dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa igi náà, wọ́n rí i ní Mount Mitchell ní 1957, oòrùn wá ń jó àpáta tó tutù tẹ́lẹ̀. Nítorí náà àmì àtijọ́ lè jẹ́ ti ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Ibi tí kò sì lámì, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó débẹ̀ ni, torí ẹni tó ń kó lichen náà mọ̀ pé òkè tí mọ́tò lè dé ìdí ẹ̀ ló dùn ún gùn. Wọ́n tún máa ń pín nǹkan kan náà sí hẹbéríọ̀mù méjì mẹ́ta, ẹ má lọ kà á sí mẹ́ta o.

Kí ló dé tí wọn ò sọ ibi tí rock gnome wà gan-an?
Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni. Láti 1995 nìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun alààyè tó ti fẹ́ẹ́ run tán, àwọn tó sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ jù náà lè ṣí i tán lára àpáta.

Ṣé fọ́tò ò tó ni?
Kò tó. Lichen ò ní gbòǹgbò, inú òjò àti afẹ́fẹ́ ló ti ń fa omi àti èròjà tó nílò, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ayé ọjọ́un ṣì wà lára èyí tó ti gbẹ. Ẹ ò lè gbé fọ́tò lọ sí láàbù.

Ṣé Duke máa da ẹrù hẹbéríọ̀mù náà nù ni?
Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba àwọn tó ń lò ó lẹ́rù ni pé wọ́n lè pín in káàkiri, àbí kó wà nínú páálí fún ọdún gbọọrọ.

Ṣé ó léwu láti fọwọ́ kàn án?
Àwọn tó ti pẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n máa ń fi májèlé bíi mercury àti arsenic lé kòkòrò nígbà yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì gbóòórùn ẹ̀.

Lichen wà lára igi kòkó mi, ṣé kí n ha á?
Ẹ fi í sílẹ̀, kì í mu omi ara igi, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Tó bá yà yín lẹ́nu, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ kọ ibẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣí i, torí kì í tètè hù padà.