Bí Eegun Ṣe Ń Gba Ipò Ohun Tí Wọ́n Fi Dí Àlàfo Rẹ̀

Bí eegun bá kán, tí ojú méjèèjì sì kanra, yóò lẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń le ni ìgbà tí àlàfo ńlá bá wà láàárín, bóyá ìjàǹbá ló fọ́ ọ yángá, tàbí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, eegun ìbàdí aláìsàn náà ni wọ́n máa ń bù láti fi dí i. Ọ̀nà yẹn ṣì dáa gan-an, torí sẹ́ẹ̀lì ààyè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé bù kò pọ̀, ibi tí wọ́n ti bù ú sì lè máa dunni fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí wọ́n tún ń fi dí i ni férémù oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi kálísíọ̀mù fọ́síféètì ṣe, irú èròjà tó mú eegun fúnra rẹ̀ le. Inú ihò yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Bó bá kéré jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè wọlé. Bó bá fẹ̀ jù, férémù á ṣẹ́. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó fẹ̀ tó nǹkan bíi 0.3 mílímítà. Sẹ́ẹ̀lì á wọlé, á lẹ̀ mọ́ ara ihò náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eegun tuntun, férémù náà á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá tètè yọ́ jù, àlàfo tún dé. Bó bá pẹ́ jù, eegun ò ríbi gbà.

Títáníọ̀mù, irin tí wọ́n tún máa ń fi dí àlàfo, kì í yọ́ ní tiẹ̀, ó sì le ju eegun lọ. Òun nìkan á wá máa gbé ẹrù ara, eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò rí nǹkan gbé á sì máa joro. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ 3D, tó ń to nǹkan ní ìpele-ìpele, ṣe é bí àwọ̀n báyìí, kó lè máa tẹ̀ díẹ̀ bí eegun.

Ẹ̀jẹ̀ ni olórí ìṣòro. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ju 0.2 mílímítà lọ kì í sábà yè, nítorí náà àárín férémù ńlá lè kú kí ẹ̀jẹ̀ tó débẹ̀. Ní 2004, àwọn dókítà ní Kiel, ní Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Apá ńlá lára párì ìsàlẹ̀ ọkùnrin kan ti kúrò. Wọ́n fi àwọ̀n títáníọ̀mù ṣe àwòṣe párì náà, wọ́n kó èròjà eegun, mùdùnmúdùn rẹ̀ àti prótéènì tó ń mú eegun hù sínú rẹ̀, wọ́n sì rì í sínú ẹran ara ẹ̀yìn ọkùnrin náà fún ọ̀sẹ̀ 7. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nínú rẹ̀ ni wọ́n tó yọ ọ́ tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí ẹnu.