Adé Ramonda: irun abilékọ ló ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó wo fíìmù Black Panther ní 2018 kò ní tètè gbàgbé adé funfun tí Angela Bassett dé gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ọba Ramonda. Ó rí rìbìtì, ó ga, ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Hollywood kọ́ ni adé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ o. Orí abilékọ ló ti wá.

Isicholo ni àwọn Zulu ní Gúúsù Áfíríkà ń pè é, obìnrin tó ti wọlé ọkọ ló sì wà fún. Láyé àtijọ́, irun orí rẹ̀ gan-an ni: wọ́n á dì í sókè, wọ́n á fi ọ̀rá àti ilẹ̀ pupa kùn ún. Nígbà tó yá, ó di fìlà tó ṣeé ṣí kúrò lórí, tí wọ́n ń fi koríko àti òwú ṣe, àwọ̀ pupa yẹn sì bá a lọ.

Fìlà yìí ni Ruth E. Carter, tó ṣe aṣọ Black Panther, mú. Láti School Daze ní 1988 ló ti ń ṣe aṣọ fún fíìmù, àwọn tó ń fúnni ní Oscar sì ti yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn náà nítorí Malcolm X àti Amistad. Ṣùgbọ́n Wakanda, ìlú àròsọ inú fíìmù náà, le: ilẹ̀ tí òyìnbó kò gbà rí, tí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ta gbogbo ayé yọ. Carter kò fẹ́ kí ojú rí ipa ọwọ́ ènìyàn lára adé náà rárá. Ló bá tọ Julia Körner lọ, ọmọ Austria tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D.

Orí kọ̀ǹpútà ni Körner ti ya á. Ẹ̀rọ á tẹ́ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná lésà á kọjá lórí rẹ̀, ibi tó bá kàn á yọ́, á lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e, títí adé á fi jókòó sínú ìyẹ̀fun, tí wọ́n á gbọ̀n ọ́n yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìborùn tó bá a lọ, tó dà bíi léèsì.

Fíìmù náà ní agbádá Zuri, àgbà kan ní Wakanda, ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn Basotho, ẹ̀yà kan ní gúúsù Áfíríkà, gbogbo rẹ̀ ló dára. Adé yìí ló gbà mí lọ́kàn jù. Isicholo ti kúrò ní irun, ó ti di fìlà kí Carter tó dé ibẹ̀. Àwọn tó ni ín ló ń mú un rìn. Carter kàn bi í pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá dí wọn lọ́nà, ibo ni ì bá dé lónìí?

Ní 2019, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar fún aṣọ fíìmù. Ó tún gba òmíràn ní 2023, lórí Wakanda Forever, fíìmù tó tẹ̀ lé Black Panther, níbi tí Ramonda ti tún dé adé.