Kíka àmì inú yàrá ìdarí rìákítọ̀ núkílíà

Yàrá ìdarí ni àwọn ẹnjinníà ilé-iṣẹ́ iná núkílíà ti ń ṣàkóso rìákítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi yùréníọ̀mù mú ooru jáde, tí ojú wọn kò lè tó inú rẹ̀. Iná wẹ́wẹ́, ọwọ́ aago àti nọ́ńbà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi àti lára ọ̀pá yùréníọ̀mù. Púpọ̀ nínú ìlànà iṣẹ́ yìí lóde òní ló jáde láti inú ìjàm̀bá Three Mile Island.

Three Mile Island jẹ́ erékùṣù nínú odò Susquehanna, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1979, pọ́ǹpù tó ń gbé omi lọ sí ibi tí oru ti ń jáde dáṣẹ́ sílẹ̀ ní rìákítọ̀ kejì ibẹ̀. Túbáìnì, ẹ̀rọ tí oru ń yí láti mú iná wá, dúró, rìákítọ̀ náà sì pa ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n rìákítọ̀ kì í ṣe sítóòfù tí a ń pa kó tutù: kété tó bá kú, ooru tó kù nínú rẹ̀ ṣì tó nǹkan bí 6 nínú 100 agbára rẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Fáàfù kan ṣí láti dín ìfúnpá kù, bó ṣe yẹ kó ṣe. Nígbà tí ìfúnpá wálẹ̀, ó há, kò padé, omi rìákítọ̀ sì ń bá ibẹ̀ jáde. Iná rẹ̀ lójú pátákó kú, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé ó ti padé. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí iná yẹn mọ̀ ni pé a ti pàṣẹ fún fáàfù láti padé. Bóyá ó gbọ́ àṣẹ, iná kò mọ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Àmì mìíràn wà. Páìpù ẹ̀yìn fáàfù náà gbóná, àmọ́ fáàfù náà ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú gbogbo wọn ti mọ́ ọn. Aago tó ń ka táńkì tí omi ń dà sí wà lẹ́yìn pátákó, níbi tí ojú ẹni tó wà níwájú kò dé. Agogo ìkìlọ̀ tó ju 100 lọ ń dún, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà sì fi ohun tó ju wákàtí méjì rẹ̀yìn. Nítorí pé táńkì ìfúnpá, èyí tó ń ṣàkóso ìfúnpá omi rìákítọ̀, jọ èyí tó kún, wọ́n rò pé omi ti pọ̀ jù, wọ́n sì dín omi pàjáwìrì kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún iṣẹ́ òwúrọ̀ ló ní kí wọ́n ti fáàfù ìdènà tó wà lójú ọ̀nà kan náà, nígbà tí aago mẹ́fà ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nígbẹ̀yìn, nǹkan bí ìdajì inú rìákítọ̀ ló yọ́.

Irú àléébù yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Davis-Besse, ìpínlẹ̀ Ohio, ní oṣù Kẹsàn-án 1977, wọ́n sì rí i láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Pennsylvania. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná núkílíà fi dá àjọ INPO (Institute of Nuclear Power Operations) sílẹ̀ ní 1979, kí ìròyìn àléébù lè máa kárí.

Lẹ́yìn náà, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àmì máa wá láti ipò fáàfù gan-an. Àwọn ẹnjinníà náà kì í gbẹ́kẹ̀ lé aago kan ṣoṣo mọ́, àgàgà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń sọ nǹkan mìíràn. Nínú símúlétọ̀, yàrá ìdarí àfarawé tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, olùkọ́ á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iná parọ́. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó gba àṣẹ á tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó pàṣẹ á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọwọ́ tó kan bọ́tìnì.