"INI1 ti sọnù": kí ni ìwé àyẹ̀wò yẹn ń sọ?

Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ẹran ara tí dókítà oníṣẹ́ abẹ gé wá wò lábẹ́ maikirosíkópù. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé tí mo máa ń kọ tó ń dojú rú mọ́ àwọn òbí lọ́wọ́: "INI1 ti sọnù nínú kókó yìí." Púrótéènì kan tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni INI1. Ó sọnù báwo? Ta ló jí i?

DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí a bá nà án tán, yóò gùn tó mítà 2, bẹ́ẹ̀ inú yàrá tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé. Wíwé ni wọ́n wé e, bí òwú télọ̀ tó wà lára rílì. Púrótéènì 8 tí à ń pè ní histone ló para pọ̀ di rílì kan, lẹ́tà DNA bíi 147 ló sì lọ́ mọ́ ọn. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ irú rílì bẹ́ẹ̀ ló tò tẹ̀lé ara wọn. Òwú àti rílì yìí lápapọ̀ ni chromatin.

Àmọ́ òwú tó wé kò ṣeé kà. Jíìnì, ìyẹn ègé DNA tó gbé ìlànà iṣẹ́ kan, tó bá há sára rílì, bí ẹni pé kò sí ló rí. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ní àwọn púrótéènì tó ń gbá rílì mú, tí wọ́n ń sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí wọ́n ń yọ ọ́ dànù, kí ibi tó yẹ ní kíkà lè hàn síta. Iṣẹ́ agbára ni. ATP, epo sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ń jó. Ẹgbẹ́ tó lókìkí jù nínú wọn ni SWI/SNF. Inú ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i: ìwúkàrà tí ẹgbẹ́ yìí bàjẹ́ lára rẹ̀ kò lè lo ṣúgà bó ti yẹ mọ́.

INI1 jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà. Jíìnì tó ń ṣe é, SMARCB1, wà lórí kúrómósómù 22. Lọ́dún 1998 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé òun ló bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ rhabdoid, tó máa ń mú ọmọ kékeré nínú kíndìnrín tàbí ọpọlọ. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni bí ohun mìíràn tó bàjẹ́ nínú DNA kókó yìí ṣe kéré tó. Jíìnì tó yẹ kó sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó yé pín, wà níbẹ̀ láìlábùkù. Ẹni tí yóò tú u ni kò sí.

A máa ń da èròjà tó ń wá INI1 sórí ẹran tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó bá ti bá a a pọ́n bí omi kòkó. Ibi tí kò bá sí a dúró ní àwọ̀ aró. Mi ò kì í kọ́kọ́ wo jẹjẹrẹ náà o. Sẹ́ẹ̀lì ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá ni mo ń wò, nítorí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì yẹ kí INI1 wà nínú rẹ̀. Tí ìyẹn bá pọ́n, tí àwọn tó yí i ká sì jẹ́ aró gbogbo, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Tí gbogbo gíláàsì bá jẹ́ aró látòkè délẹ̀, àyẹ̀wò ló kùnà, a ó tún un ṣe. Ẹran tó pẹ́ kó tó wọ fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, wà lára ohun tó ń fa irú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé wá nínú omi lásán.

SWI/SNF ní orogún kan, EZH2, tó ń mú kí chromatin há mọ́ra. Bí INI1 bá ti lọ, orogún gba ilé. Tazemetostat ni òògùn tó ń dí EZH2 lọ́wọ́. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún epithelioid sarcoma, jẹjẹrẹ mìíràn tí INI1 máa ń sọnù nínú rẹ̀. Nínú aláìsàn 62 tí wọ́n fi dán an wò, bí 15 nínú 100 ni kókó wọn sún kì dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́ ìyanu fún yín.

Àwọn ìyá a máa bi mí pé kí ni àwọn jẹ nínú oyún. Kò sí oúnjẹ kankan tí a mọ̀ tó ń fa rhabdoid. Àmọ́ àwọn ọmọ kan gbé àbùkù SMARCB1 wáyé, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, pàápàá tí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ. Tí wọn kò bá lè ṣe àyẹ̀wò INI1 níbi tí ẹ wà, ẹ béèrè fún bùlọ́ọ̀kù, ìyẹn ègé ìda kékeré tí wọ́n fi ẹran náà sí. Ó ṣeé gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn láìtún gé ọmọ. Ẹ ṣáà má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń pa.