Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewé tí wọ́n já nínú igbó kí DNA inú ẹ̀ má bàa bàjẹ́

Ewé tí wọ́n já kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń rọ díẹ̀díẹ̀ ni, bó sì ṣe ń rọ yẹn làwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ń bẹ́, tí àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gé nǹkan tàbí yí i padà nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá ráyè gé DNA, ìyẹn èròjà tó ń gbé àbùdá ewéko náà, wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ́ńsáìmù ọ̀hún ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí omi, torí náà kéèyàn tètè gbẹ omi ara ewé ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀.

Silica gel lọ̀pọ̀ ń lò, àwọn hóró kéékèèké tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà tuntun yẹn. Àtìgbà tí Chase àti Hills, àwọn onímọ̀ nípa ewéko, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1991 ló ti gbajúmọ̀. Ewé ọ̀dọ́ tí kòkòrò ò jẹ, tí ò ní funfun lára, ni kí wọ́n mú, torí ewé tó ti gbó máa ń kún fún nǹkan tó ń yọ̀ bí ọ̀dá tó máa dààmú ẹni tó fẹ́ yọ DNA. Wọ́n á ya á sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú àpò tíì tàbí ápólòpù bébà, wọ́n á wá rì í mọ́ àárín silica nínú ọ̀rá tó ṣeé dé pa. Bí ewé bá jẹ́ gíráàmù 1, ó kéré tán kí silica jẹ́ 10, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣahun nìyí, ewé á wá kún ọ̀rá silica á sì kéré.

Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó yẹ kí ewé náà máa dá wẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣì ń ká, kò tíì gbẹ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ silica. Èyí tó ní àwọ̀ máa ń sọ fúnra ẹ̀, aláwọ̀ búlúù á di píńkì tó bá ti mu omi yó. Ewé tó nípọn tó kún fómi ló le jù, àfi kí wọ́n là á tínínrín kí wọ́n sì máa pààrọ̀ silica lemọ́lemọ́.

Ọtí ẹtanọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń tọ́jú kòkòrò ńkọ́? Òun nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ dáa fún ewé. Nitrogen olómi, tó tutù dé -196°C, ló dáa jù, pàápàá fún RNA tó jẹ́ ìbátan DNA, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ìyẹn gun òkè?

Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ nọ́ńbà sára bébà, torí bírò máa ń parẹ́ tí ọtí bá kàn án, kí nọ́ńbà yẹn sì bá ti ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀ gbẹ fún hẹ́báríọ́mù (ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pa mọ́ sí) mu. DNA tí ò sẹ́ni tó mọ igi tó ti wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?