Ońṣẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ nínú ọpọlọ ọmọ

"Dókítà, kí ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún?" Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ní kílíníìkì nìyẹn. Orí ọmọ kéré, kò tètè jókòó, ó ti pé ọdún mẹ́ta kò tíì pe "màmá", ilé ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, obìnrin náà á wá jókòó síwájú mi á máa ka gbogbo oúnjẹ tó jẹ, gbogbo ibi tó dé, bóyá ó tiẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan láì fi píìnì sáṣọ. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan tí àwa dókítà kì í sábà sọ torí a rò pé ó ti le jù fún yín. Kò le.

DNA, gbogbo wa ti gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ìwé ńlá tí ara gbé pa mọ́ ni. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan, á da ojú ìwé tó kàn án kọ sórí RNA, RNA á wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pùrótéènì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Ońṣẹ́ ni RNA. Ibi tí wọ́n kọ́ wa dé nílé ìwé nìyẹn, wọn ò sọ fún wa pé ara tún máa ń lẹ àmì kẹ́míkà mọ́ ońṣẹ́ náà lára, bẹ́ẹ̀ oríṣi àmì tí wọ́n ti rí lára RNA báyìí lé ní 170. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ jù ni m6A, ẹyọ kẹ́míkà kékeré kan tó ń jẹ́ methyl tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà A, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ RNA. Láti 1974 ni wọ́n ti rí i, àmọ́ ìgbà tó di 2011 tí Chuan He àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé pùrótéènì kan tó ń jẹ́ FTO lè yọ ọ́ kúrò, ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn sáré padà sídìí ẹ̀, torí ohun tí ara ń lẹ̀ tó tún ń ṣí, a jẹ́ pé ó ń fi í darí nǹkan nìyẹn.

Kí ló ń darí? Nínú ọpọlọ, àsìkò ni. Nígbà tí ọpọlọ ń dá nínú oyún, àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì kan wà, àwọn ló ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ronú. Wọ́n á kọ́kọ́ pín ara wọn kí wọ́n lè pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bí àwọn tó máa wà nísàlẹ̀, kí wọ́n tó wá bí àwọn tòkè, títí wọ́n á fi dáwọ́ dúró. Kí ìyá sẹ́ẹ̀lì tó lè gbọ́ iṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ẹ wo sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́lé, fọ́máànù ti ní kí wọ́n máa mọ ògiri, àmọ́ ẹni tó rán wá láàárọ̀ ṣì dúró síbẹ̀ tó ń pariwo pé ẹ po kọnkéré ìpìlẹ̀. Ilé wo ló máa gún? m6A ni àmì tó ń sọ fún irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé tó bá ti jíṣẹ́ tán kó máa lọ, àwọn pùrótéènì kan á ka àmì náà, wọ́n á sì jẹ́ kí RNA ọ̀hún tètè bàjẹ́.

Lọ́dún 2017, àwọn Guo-li Ming àti Hongjun Song ní Yunifásítì Pennsylvania yọ METTL14, ọ̀kan nínú àwọn pùrótéènì tó ń lẹ àmì yìí, kúrò nínú ọpọlọ ọmọ eku tó ṣì wà nínú oyún. Àwọn RNA tó yẹ kó ti parẹ́ ò parẹ́, ìyá sẹ́ẹ̀lì wá ń pẹ́ kó tó pín, iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí nígbà tí wọ́n bá fi máa bí eku náà, ó ṣì ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Wọ́n dán an wò nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èèyàn tí wọ́n gbìn ní lábù, ìyá sẹ́ẹ̀lì tibẹ̀ náà ń fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: DNA fúnra ẹ̀ kọ iṣẹ́ náà dáadáa, àsìkò ló dàrú.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gan-an ló ń yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ Yorùbá láì fi àmì sí i, ẹ mọ̀ pé "oko" àti "ọkọ" kì í ṣe ohun kan náà. Ara máa ń yí lẹ́tà A kan padà sí I nínú RNA tí ọpọlọ fi ń ṣe GluA2, pùrótéènì kan tó wà lára ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà náà máa dí kálísíọ́mù lọ́nà. Eku tí kò bá lè ṣe ìyípadà kan ṣoṣo yìí, gìrì ló máa ń mú un, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti kú.

Tèèyàn ńkọ́? Lọ́dún 2012 ni wọ́n fi hàn nínú àwọn ìdílé kan pé tí jíìnì NSUN2 (jíìnì ni ojú ìwé kan nínú DNA) bá bàjẹ́, ọpọlọ ọmọ ò ní lè gbé ẹ̀kọ́ dáadáa, àmì methyl lára RNA ni òun náà ń ṣe. Jíìnì PUS7 ńkọ́, tí òun náà bá bàjẹ́, ó máa ń jẹ́ kí orí ọmọ kéré, kí ọ̀rọ̀ sì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ti mọ bí méjèèjì ṣe ń rìn, bíi AS àti AS náà ni: bàbá gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, ara àwọn méjèèjì le koko, ọmọ tó bá gba ẹyọ méjèèjì ni nǹkan ń ṣe, ìdá kan nínú mẹ́rin ni fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ò sí níbẹ̀, àjẹ́ ò sí níbẹ̀.

Mi ò ní kí gbogbo ọmọ tó pẹ́ lẹ́yìn lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì o, owó gọbọi ni. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà pọ́njú tó le lára ìkókó, àrùn yírùnyírùn, àwọn yẹn la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè, ká sì yẹ etí ọmọ wò. Àwọn tó ń ta oògùn ọpọlọ lórí WhatsApp, ẹ má fún wọn lówó, kò sí oògùn tẹ́ ẹ lè rà tó ń tún àmì RNA lẹ̀. Fólíìkì ásíìdì ní tiẹ̀, ẹ máa lò ó, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kẹ́ẹ tó lóyún títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12, torí túùbù kékeré tó máa di ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn.

Tí wọ́n bá wá ní kẹ́ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì, ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́ta la máa ń fẹ́: tọmọ, tìyá, ti bàbá. Ẹ mú bàbá ọmọ dání.